Ricardo, ìbọ̀wọ́ rẹ̀, àti bọ́ọ̀lù inú afẹ́fẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ojú ewé eré ìdárayá. A ka ohun tí ẹ kọ nípa Ricardo, aṣọ́lé Pọ́túgà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Ricardo Alexandre Martins Soares Pereira. Inú wa dùn pé ẹ rántí rẹ̀, nítorí aṣọ́lé kì í pẹ́ di ẹni ìgbàgbé bí kò bá tíì gbé ife. Àmọ́ àkọsílẹ̀ yẹn ní oríire lásán ló fi ń mú pẹ́nárítì, pé ìgbà tó bọ́ ìbọ̀wọ́ ni oògùn rẹ̀ tó jẹ́. Ó tún ní ọwọ́ òfìfo ló fi mú mẹ́ta nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ pò pọ̀ yẹn. Aṣọ́lé ni àwa tí a ń kọ̀wé yìí ń kọ́, ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá, torí pé ọmọ tó bá ka irú nǹkan báyìí yóò rò pé kí òun bọ́ ìbọ̀wọ́ ló kù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2004. Pọ́túgà àti England pàdé ní kọ́tà-fáínà Euro, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ní pápá Estádio da Luz ní Lisbon. Michael Owen jẹ fún England ní ìṣẹ́jú kẹta, ó sì di ìṣẹ́jú 83 kí Hélder Postiga tó dá a padà. Nínú àfikún àkókò, Rui Costa fi Pọ́túgà síwájú ní ìṣẹ́jú 110, Frank Lampard dá tirẹ̀ padà ní ìṣẹ́jú 115. Ó di ọ̀mì 2-2, ni wọ́n bá kọrí sídìí pẹ́nárítì.

David Beckham ló kọ́kọ́ gbá fún England, bọ́ọ̀lù fò kọjá igi òkè. Lẹ́yìn rẹ̀, Owen, Lampard, John Terry, Owen Hargreaves àti Ashley Cole gbá tiwọn wọlé. Lọ́dọ̀ Pọ́túgà, Deco, Simão, Cristiano Ronaldo, Maniche àti Postiga jẹ. Rui Costa nìkan ló gbá tirẹ̀ sókè ọ̀run. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni Ricardo ti dojú kọ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́: márùn-ún wọlé, ọ̀kan fò lọ, kò tíì mú ẹyọ kan. Ìgbà tí Darius Vassell ń bọ̀ wá gbá ikeje ni Ricardo bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì sílẹ̀. Vassell yìí kì bá má tilẹ̀ sí lórí pápá, bí kò bá ṣe pé Wayne Rooney ṣèṣe ní ìṣẹ́jú 27. Ricardo ta bọ́ọ̀lù rẹ̀ dànù. Kò lọ jókòó o. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù sórí àmì, ó sì gbá a wọlé mọ́ David James lọ́wọ́. 6-5.

Ó yẹ kí ẹ tún mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tí Ricardo gbá wọlé yẹn kò sí nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí góòlù tó jẹ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, bí ẹ ṣe kọ ọ́. Lábẹ́ òfin, ọ̀mì 2-2 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Ọ̀nà tí a fi ń yan ẹni tó máa tẹ̀ síwájú ni pẹ́nárítì tó tẹ̀ lé e, a kì í kà á mọ́ góòlù ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí pápá nígbà tí àfikún àkókò parí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá, aṣọ́lé náà wà lára wọn. Kò sí ẹni tó ń fún un láàyè àrà ọ̀tọ̀.

Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Òfin kò fi dandan lé e rárá. Òfin kẹrin, tó dá lórí ohun tí agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wọ̀, ka ẹ̀wù alápá, ṣòkòtò péńpé, ìbọ̀sẹ̀, ohun tí ń dáàbò bo ojúgun, àti bàtà. Ohun tó fi kún un fún aṣọ́lé ni pé kí àwọ̀ aṣọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù àti ti rẹfirí. Ìdí tí wọ́n fi ń wọ ìbọ̀wọ́ ni pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀ tó nípọn ní nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 4. Rọ́bà yìí ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì ń gba díẹ̀ lára agbára bọ́ọ̀lù kó má bàa ta ọwọ́ jù. Bí ó bá gbẹ, yíyọ̀ ló ń yọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí àwọn aṣọ́lé tí wọ́n ń ta omi sí i, tàbí tí wọ́n ń tutọ́ sí i, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá sì rẹ sómi jù náà kò dára.

Nídìí pẹ́nárítì, kò sẹ́ni tó ń retí kí aṣọ́lé gbá bọ́ọ̀lù náà mú dání. Kó ṣáà má wọlé. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ àti ọrùn-ọwọ́ tó le ló ń ta á dànù. Bí ọrùn-ọwọ́ bá dẹ̀, bọ́ọ̀lù á tẹ ọwọ́ sẹ́yìn, á sì kọjá, ìbáà jẹ́ ọwọ́ lásán, ìbáà jẹ́ ọwọ́ onírọ́bà. Ọwọ́ lásán tilẹ̀ léwu jù, nítorí ìka lè yẹ̀. A jẹ́ pé bíbọ́ ìbọ̀wọ́ kò fi nǹkan kan kún ọwọ́ Ricardo. Bí ó bá ṣe nǹkan, ara Vassell ló ti ṣe é. Ẹni tó ń rìn bọ̀ láti àárín pápá, tó mọ̀ pé tòun ni ikeje, tó wá rí aṣọ́lé tó ń tú ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, á ní nǹkan mìíràn tí yóò máa rò. Àrékérekè ni, kì í ṣe oògùn. Lónìí, ó ṣeé ṣe kí rẹfirí má gbà fún un. Láti ọdún 2023 ni òfin kẹrìnlá ti sọ ọ́ ní kedere pé aṣọ́lé kò gbọdọ̀ da ọkàn ẹni tó fẹ́ gbá rú lọ́nà àìtọ́, bíi kó máa fi àkókò falẹ̀, tàbí kó máa fọwọ́ kan òpó, igi òkè tàbí àwọ̀n.

Ẹ wá jẹ́ ká dé Gelsenkirchen, ní Jámánì, ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2006. England náà tún ni, kọ́tà-fáínà náà tún ni, ife ẹ̀yẹ àgbáyé ni èyí. Rẹfirí Horacio Elizondo lé Rooney jáde ní ìṣẹ́jú 62. Kò sẹ́ni tó jẹ títí àfikún àkókò fi parí. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ Ricardo lọ́jọ́ yẹn látòkèdélẹ̀. Simão jẹ, Ricardo mú ti Lampard. Hugo Viana gbá tirẹ̀ mọ́ òpó, Hargreaves jẹ. Petit gbá tirẹ̀ síta, Ricardo mú ti Steven Gerrard. Postiga jẹ. Ó wá kan Jamie Carragher, ẹni tí wọ́n fi wọlé nígbà tí àfikún àkókò kù díẹ̀ kó parí, nítorí pẹ́nárítì gan-an. Carragher gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, kò dúró de fèrè, ó gbá a wọlé. Rẹfirí ní kó tún un gbá. Èkejì, Ricardo mú un. Ronaldo wá parí ọ̀rọ̀, 3-1. Kò tíì sí aṣọ́lé tó mú mẹ́ta nínú pẹ́nárítì àṣeparí kan ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé ṣáájú rẹ̀. Danijel Subašić ti Croatia ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé Denmark ní 2018. Diogo Costa, ọmọ Pọ́túgà bíi tirẹ̀, mú gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Slovenia gbá ní Euro 2024. Kàyéfì kékeré kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ràn irú ẹ̀: ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀kọ́ Carragher yẹn ló yẹ kí ẹ tẹ̀ sí ìwé ìròyìn fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tó bá ti gbá pẹ́nárítì kan tán ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn. Aṣọ́lé ti rí bó ṣe sáré sí i, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí àti bí ìbàdí rẹ̀ ṣe yí. Nígbà tí wọ́n bá ní kó tún un gbá, ó di dandan kó yàn: ṣé ibi àkọ́kọ́ ni àbí kí n yí i? Àárín ìyàn yẹn ni pẹ́nárítì ti ń bàjẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Àmì pẹ́nárítì jìn sí ìlà góòlù ní mítà 11. Ilé fẹ̀ ní mítà 7.32, ó sì ga ní mítà 2.44, nítorí náà láti àárín dé òpó kan jẹ́ mítà 3.66. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan yóò dé ilé láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó rán ẹsẹ̀ níṣẹ́, bí ìdajì àkókò yẹn ti lọ. Aṣọ́lé tó bá dúró kí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ kó tó gbéra ti pẹ́. Èyí tó bá sì tètè fò, ẹni tó ń gbá á á rí i, á gbá a sí òdìkejì, tàbí kó rọra bù ú gba àárín, bí Postiga ṣe ṣe James ní 2004.

Àkókò tó dára jù ni ìgbà tí ẹsẹ̀ ìdúró bá tẹ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò gba bọ́ọ̀lù, tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Bó bá ti tẹlẹ̀, ẹni tó ń gbá kò fi bẹ́ẹ̀ lè yí ọkàn padà mọ́. Ibi tí orí bàtà ẹsẹ̀ yẹn bá kọjú sí ni bọ́ọ̀lù sábà máa ń gbà. Ìbàdí náà ń sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún tó bá ṣí ìbàdí sílẹ̀ ń gbá a sí ọwọ́ òsì aṣọ́lé; èyí tó bá pa ìbàdí dé, tó gba bọ́ọ̀lù kọjá iwájú ara rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún aṣọ́lé ló ń lọ. Fún ẹlẹ́sẹ̀ òsì, ẹ yí i padà. Àwọn kan wà tí wọn kì í wo bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé ni wọ́n ń wò títí dé orí bọ́ọ̀lù. Irú wọn kò ṣeé kà lẹ́sẹ̀. Ṣe ni kí aṣọ́lé mi èjìká sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó má gbé ẹsẹ̀, kó sì dúró pẹ́ ju bí ẹni náà ṣe rò lọ.

Ìgbésẹ̀ tó ṣáájú ìfò kò gbọdọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ gan-an, ṣe ló ń dagẹ̀rẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá fò sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sẹ́yìn ń sún mọ́ inú àwọ̀n, bọ́ọ̀lù á sì gba iwájú ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí Ricardo ń gbá bọ́ọ̀lù, òfin ní kí aṣọ́lé wà lórí ìlà rẹ̀ títí wọ́n á fi gbá a, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹfirí ń fojú fo ìgbésẹ̀ kan. Láti 2019, bí ara ẹsẹ̀ kan bá ṣì kan ìlà, tàbí tó wà lókè rẹ̀ gan-an, ó ti tó, àmọ́ VAR, rẹfirí tó ń wo fídíò, ń wò ó, kò sì sí àfojúfò mọ́. Ẹsẹ̀ tó jìn sí bọ́ọ̀lù ló yẹ kó dúró lórí ìlà, kí ti ìtòsí sì gbé ìgbésẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe é ní òdì. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ìtòsí kó ara wọn sínú kí wọ́n tó wá tì í síta, àkókò á sì ti lọ.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ nìyí, ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnì kan gbá mẹ́wàá, kí aṣọ́lé má fò rárá, kó kàn pariwo "ọ̀tún" tàbí "òsì" nígbà tí ẹsẹ̀ ìdúró bá tẹlẹ̀. Bí ohun tó sọ kò bá tọ̀nà tó ìgbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá, kò tíì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí fò. Lẹ́yìn náà, mẹ́wàá mìíràn tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ ló ń gba abẹ́ apá àwọn tó bá fò ga jù. Ìgbà yẹn ni a tó pò ó pọ̀. Ìsinmi ìdajì ìṣẹ́jú láàárín ìfò kan àti èkejì ṣe pàtàkì. Aṣọ́lé tó ti rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú dípò kó fò, ìyàtọ̀ sì wà. Bọ́ọ̀lù líle tó bá wọ igun òkè, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó ń dé ibẹ̀.

Ricardo mọ iṣẹ́ yìí kí Euro 2004 tó dé. Ní sẹ́mí-fáínà UEFA Cup (ìdíje àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù) ọdún 2003, nígbà tó wà ní Boavista, ẹgbẹ́ kan ní ìlú Porto, ó mú pẹ́nárítì Henrik Larsson ti Celtic ní Glasgow, ọ̀mì 1-1 ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Larsson yìí náà ló padà wá jẹ ayò kan ṣoṣo ní ìlú Porto tó lé Boavista jáde.

Ibi tí a ti fẹ́ bá yín jiyàn jù nìyí. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé Ricardo kò ní àbùkù, pé àwọn ará Pọ́túgà ló kàn ń bú u láìnídìí. Àbùkù wà, ó sì hàn ní pápá kan náà, ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn Vassell. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 2004, àṣekágbá pẹ̀lú Gíríìsì, ìṣẹ́jú 57: Angelos Basinas gbá kọ́nà, Ricardo jáde kúrò nílé, kò bá bọ́ọ̀lù, Angelos Charisteas fi orí kàn án wọlé. 1-0, ife bọ́ lọ́wọ́ Pọ́túgà nílé ara rẹ̀. Kì í sì í ṣe pé kò sí ìkìlọ̀. Gíríìsì ti fi 1-0 na Faransé, orí Charisteas ni. Wọ́n fi 1-0 na àwọn Czech, kọ́nà ni, orí Traianos Dellas ni. Ẹni tó bá fẹ́ bá Gíríìsì gbá lọ́dún yẹn ti mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005. Ricardo ti wà ní Sporting, ẹgbẹ́ kan ní Lisbon, nígbà yẹn. Lọ́jọ́ 14, Luisão ti Benfica kan fìríkíìkì pẹ̀lú orí nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti ń lọ sópin. Ricardo ti jáde, ó ń pariwo pé wọ́n fọwọ́ kan òun, rẹfirí kò dá a lóhùn. 1-0, Benfica ló sì gba líìgì lọ́dún náà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni àṣekágbá UEFA Cup ní Alvalade, pápá Sporting fúnra rẹ̀. Rogério ti fi Sporting síwájú. Fìríkíìkì Daniel Carvalho ti CSKA Moscow bọ́ sórí Aleksei Berezutski, ó di 1-1, CSKA sì jẹ méjì sí i. 3-1. Ní Euro 2008, ní Basel, Jámánì na Pọ́túgà 3-2. Méjì nínú mẹ́ta yẹn, orí ni wọ́n fi kàn án, ti Miroslav Klose àti ti Michael Ballack, láti inú fìríkíìkì Bastian Schweinsteiger. Ìyẹn ló parí iṣẹ́ rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹni tó ń mú pẹ́nárítì kò fi lè mú bọ́ọ̀lù kọ́nà? Nǹkan méjì tí kò jọra ni. Nídìí pẹ́nárítì, a mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀, kò sẹ́ni tó dúró lójú ọ̀nà, kò sì sí ìyàn pé ṣé kí n jáde àbí kí n dúró. Òdìkejì ni bọ́ọ̀lù kọ́nà. Èèyàn bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń jà níwájú ilé, bọ́ọ̀lù ń yípo, ìyàn náà sì gbọ́dọ̀ tán kí bọ́ọ̀lù tó dé ìdajì ọ̀nà. Aṣọ́lé tó bá fi ìkánjú gbéra kó tó rí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ yóò rí i lójú afẹ́fẹ́ pé kò dé ọ̀dọ̀ òun. Kò lè padà mọ́, kò sì lè dé ibẹ̀. Góòlù òfìfo nìyẹn.

Ohun tó yẹ ni kó dúró ní nǹkan bíi mítà kan sí ìlà, sún mọ́ ẹ̀yìn àárín ilé díẹ̀, kí ara rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ kó lè máa rí bọ́ọ̀lù àti èrò pọ̀. Kó pẹ́ kó tó gbéra, ṣùgbọ́n bó bá ti gbéra, kó yára. Kó pariwo "tèmi" kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn lè yà fún un. Ẹsẹ̀ kan ló fi ń fò, kó gbé orúnkún kejì sókè, kó bá bọ́ọ̀lù ní ibi tó ga jù lọ tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé, níwájú ojú, kì í ṣe lókè àtàrí. Bí ọ̀nà bá dí, ìkúùkù méjèèjì ni kó fi lù ú, sókè àti síta, kó má lù ú sáàárín. Bí ìyàn náà bá sì ṣòro, kó dúró lórí ìlà. Aṣọ́lé tó dúró lórí ìlà nígbà tí Charisteas kan bọ́ọ̀lù yẹn ì bá ṣì ní àǹfààní kan, ó kéré tán.

Ní ti ẹ̀sùn pé wọ́n fọwọ́ kàn án, ọ̀pọ̀ òǹwòran, àtàwọn akọ̀ròyìn náà, gbà pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fara kan aṣọ́lé nínú àpótí kékeré tó jẹ́ mítà 5.5 yẹn. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wà níkàáwọ́ aṣọ́lé ni ẹnikẹ́ni kò lè bá a du ú. Kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ tí gbogbo èèyàn ní ni òun náà ní: kí wọ́n má tì í, kí wọ́n má dì í mú, kí wọ́n má dínà fún un. Òfin yìí gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò sì mẹ́nu bà á. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Vassell yẹn, bí àkókò ti fẹ́ tán, Sol Campbell fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, rẹfirí Urs Meier sì fagi lé e pé Terry dínà fún Ricardo. Ká ní ó gbà á ni, kò ní sí pẹ́nárítì, kò ní sí ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́, àwa náà kò ní máa kọ lẹ́tà.

Ẹ tún ní Vítor Baía, aṣọ́lé Porto, ṣèṣe ni Ricardo fi rí àyè ní 2004. Rárá o. Ara Baía le koko. Lọ́jọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ó wà nílé fún Porto nígbà tí wọ́n na Monaco 3-0 láti gba Champions League, ní Gelsenkirchen náà, pápá tí Ricardo ti wá mú mẹ́ta ní 2006. UEFA sì sọ ọ́ di aṣọ́lé tó dára jù ní sáà náà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Luiz Felipe Scolari ni kò pè é. Ricardo, Quim àti Moreira ló mú. Ìjà ńlá ni ìyẹn dá sílẹ̀ láàárín Lisbon àti Porto, kò sì tíì parí lẹ́nu àwọn tó rántí rẹ̀. Tiwa ni pé nídìí bọ́ọ̀lù kọ́nà, Baía dára jù. Lórí ìlà, kò sí nǹkan tí a lè fi gba àyè lọ́wọ́ Ricardo. Nígbà tí wọ́n lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé 2002, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: Ricardo jókòó, Baía gbá.

Ẹ fo Boavista kọjá, ó sì dùn wá. Ní sáà 2000 sí 2001, lábẹ́ Jaime Pacheco, Boavista gba líìgì Pọ́túgà, Ricardo sì ni aṣọ́lé wọn. Yàtọ̀ sí Benfica, Porto àti Sporting, ẹgbẹ́ méjì péré ló tíì gba líìgì náà rí: Belenenses ní 1946, àti Boavista yìí. Ẹni tó ṣe ìyẹn kò nílò kí a máa fi pẹ́nárítì nìkan júwe rẹ̀. Ó lọ sí Sporting ní 2003, ó gba Taça de Portugal, ife orílẹ̀-èdè Pọ́túgà, pẹ̀lú wọn ní 2007, ó sì kọjá sí Real Betis ní Sípéènì. Ní 2011 ó wà ní Leicester City fún ìgbà díẹ̀. Ta ló mú un lọ síbẹ̀? Sven-Göran Eriksson, akọ́nimọ̀ọ́gbá England ní 2004 àti 2006, ẹni tí Ricardo lé jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín ló pa wá nígbà tí a rántí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó padà sílé, sí Vitória de Setúbal àti Olhanense.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 79 ló gbá fún Pọ́túgà, kì í ṣe 80. Ti Baía ni 80. Àti àwòrán tí ẹ fi sí òkè àkọsílẹ̀ náà, tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "Ricardo níwájú Vassell", ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà méjèèjì. Ìgbà yòówù kí wọ́n ti ya á, kì í ṣe ìgbà yẹn.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ni aṣọ́lé méjì